Iṣẹ́ Àgbàṣe Ìjọba: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Ouando

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí ti wà nínú wa. A kò tètè sọ ọ́ nítorí pé gbèsè ṣì wà lọ́rùn wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú gbèsè kì í sì í yàtọ̀ sí ẹkún. Ní báyìí tí a ti san án tán, a lè sọ ọ́ bó ṣe rí. A ń gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa kan ní Àjàrá àti ní Ìfàǹhìn fẹ́ tọ ọ̀nà kan náà, ìdí nìyẹn tí a fi jókòó kọ ọ́.

Àwa mẹ́ta ni. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, òun ló ń tẹ ìwé yìí. Àwọn méjì yòókù ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí: ọ̀kan mọ kọ̀ǹpútà (ọ̀dínátọ̀ là ń pè é ní ìhà tiwa) bí ẹni mowó, èkejì kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, kò sì ríṣẹ́. Yàrá kékeré kan ni a ń lò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kò jìnnà sí ìkóríta Ouando níbi tí ọkọ̀ Sákétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ti ń pe èrò. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ọ́ lẹ́yìn wa: orúkọ olùkọ́ kò sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òfin kò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣòwò. Faransé kíkọ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi bí ogún ọdún ṣàtúnṣe ìwé ọmọ ilé-ìwé ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé tí kò fẹ́ kí èèyàn ka òun.

Láti inú ọjà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Ouando mọ ohun tí a ń sọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ owó orí, DGI, gbé ètò facture normalisée dé, tó sì di 2021 tí ọ̀rọ̀ náà kò mọ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Kùtọ̀nú nìkan mọ́, àyà àwọn èèyàn já. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le púpọ̀. Ìwé owó tí oníṣòwò bá fún oníbàárà gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ tí DGI fọwọ́ sí kọjá, kó sì ní àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí fóònù lè kà. Ẹni tó bá lówó lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe é. Ẹni tí kò bá ní, ojú ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ e-MECeF, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tó ń béèrè kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì, Faransé, àti nọ́ńbà IFU tó ní òǹkà 13, ṣé ọ̀fẹ́ náà nìyẹn?

Àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí wá sí yàrá wa. A ń bá wọn kọ orúkọ ọjà wọn sínú ètò náà: ìrẹsì, tòmátì inú agolo, ẹja tútù, àwo, aṣọ. Púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ owó orí tí wọ́n ń pè ní TPS, ti àwọn tí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún kò kọjá 50 mílíọ̀nù sẹ́fà, nítorí náà ọ̀rọ̀ TVA ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kò tiẹ̀ kàn wọ́n. A ní láti máa ṣàlàyé ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta àwo wò wá títí, ó ní:

“Mẹsíyè, ṣé gbogbo ohun tí mo bá tà ni ẹ̀rọ yìí á máa sọ fún ìjọba?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Èyí tí wọ́n rà láwìn tí wọn ò sì san ńkọ́? Ṣé ó máa sọ ìyẹn náà?”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, a wo ara wa. Ètò ìjọba kò mọ àwìn. Ìdajì ọjà Ouando sì rèé, àwìn ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò kékeré kan lórí fóònù tó ń ṣe àkọsílẹ̀ onígbèsè: orúkọ, iye, ọjọ́ tó ràwìn, ọjọ́ tó ṣèlérí, àwọ̀ pupa fún ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́. A tà á fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní owó tí kò tó nǹkan. Ibẹ̀ ni a ti rí ìgboyà. A ní tí a bá lè ṣe ti ọjà, kí ló dé tí a ò lè ṣe ti ìjọba?

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, nínú àwọn tó ń mójútó owó ìlú (a kò ní dárúkọ wọn), gbé ìpè jáde lórí marches-publics.bj. Wọ́n fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ ipasẹ̀ dọ́síẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. A ní iṣẹ́ tiwa nìyí. Olùkọ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì ka ìwé ìpè náà, ó sì kọ èsì. A gbé àpòòwé lọ sí Kùtọ̀nú, a jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣí i. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ìyẹn dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀: wọ́n ń ka orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tó dá lé e sókè, gbogbo èèyàn sì ń kọ ọ́. Tiwa ló kéré jù. A fò sókè nínú ọkàn wa. Nígbà tí tasí ń gùn orí afárá padà wọ Àjàṣẹ́, àwa ti ń pín owó náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé dé. Wọ́n ti yọ wá. Kì í ṣe nítorí ètò náà, wọn kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ìwé ẹ̀rí pé a kò jẹ owó orí ti parí ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpòòwé. A kò sì jẹ DGI ní sẹ́fà kan! Àwa tí à ń kọ́ odidi ọjà ní bí wọ́n ṣe ń bá owó orí lò, ìwé owó orí tiwa ló gbé wa ṣubú. Ẹnì kan ní ká lọ fẹjọ́ sun ARMP, àjọ tó ń bójútó ọ̀rọ̀ àgbàṣe ìjọba. Ẹ̀tọ́ náà wà lóòótọ́, òfin àgbàṣe ti 29 oṣù kẹsàn-án 2020 fi í síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn láti lò ó kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wo la fẹ́ rò? Àwọn ni wọ́n jàre.

Láti ọjọ́ náà ni kàlẹ́ńdà kan ti wà lára ògiri yàrá wa tó jẹ́ ti ìwé nìkan: ìgbà tí ti owó orí máa parí, ìgbà tí ti CNSS máa parí, ti báńkì, ti ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kà wá, ẹ ó rí i pé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà jù kọ́ ló ń wọlé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ọdún ló ń wọlé, títí kan ọjọ́ tí kò sí ìpè rárá. Kò sí ẹ̀bùn ọpọlọ nínú ìyẹn, iṣẹ́ akọ̀wé ni, ó sì máa ń sú èèyàn.

Ohun kejì tó le ni “iṣẹ́ tó jọ ọ́”. Wọn á ní kí o mú ẹ̀rí wá pé o ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn rí láàárín ọdún mélòó kan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọge mú ọmọ méjì tó ti bí rí wá kí wọ́n tó gbé e níyàwó. Ta ni yóò wá fún un ní àkọ́kọ́? A ronú lórí èyí púpọ̀, a sì wo bí àwọn tó ń rí iṣẹ́ gbà ṣe rí tiwọn.

Ẹ wo àwọn ará Ẹstóníà. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Benin fẹ́ so àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ wọn ló lọ: e-Governance Academy àti Cybernetica, láti ìlú kan náà. Ojú ìwé service-public.bj tí ẹ fi ń béèrè ìwé lónìí, èyí tó ṣí ní 2020, orí ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ló dúró lé. Kí ni wọ́n mú wá tí a kò ní? Láti 2001 ni ìjọba tiwọn ti ń lo irú rẹ̀, X-Road ni wọ́n ń pè é. Ilé wọn ló fún wọn ní ẹ̀rí àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé a ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ìhà tiwa láìmọ̀: SYDONIA, ètò tí àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń lò káàkiri ayé, láti inú ìbéèrè tí ECOWAS gbé lọ bá UNCTAD ní Geneva ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti jáde. Àwa la béèrè, àwọn ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ó máa ń dun olùkọ́ nígbàkúùgbà tó bá rántí.

Ní Nàìjíríà, SystemSpecs gba ọ̀nà mìíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni John Obaro dá a sílẹ̀ ní Èkó. Ètò ìṣirò owó tí àwọn òyìnbó kọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, kí wọ́n tó wá kọ tiwọn fún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó dé orí Remita. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n ti kó ẹ̀rí jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Ààrẹ Buhari pàṣẹ ní oṣù kẹjọ 2015 pé kí gbogbo owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa wọ àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀, Remita ti wà nílẹ̀ tó ti ṣetán. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é láàárín oṣù mẹ́fà, kó lọ sinmi.

Wọ́n gba iṣẹ́ ọ̀hún tán, ṣé ara rọ̀ wọ́n? Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ariwo ta ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Dino Melaye ló gbé e dìde ní oṣù kọkànlá 2015, pé báwo ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlú ṣe lè máa bọ́ sápò ẹnìkan. Àlàyé jáde pé SystemSpecs nìkan kọ́ ló ń pín in, àwọn báńkì àti Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìpín níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n dá owó padà, wọ́n sì dá a padà. Ìdá kan kéré létí. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú owó tí kò lópin, ojú gbogbo ayé ni yóò wà lára rẹ̀. Nílé wa níbí náà, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wò ọjà ní èbúté Kùtọ̀nú: 2011 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Bénin Control, ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Patrice Talon nígbà náà, 2012 ni ìjọba Boni Yayi dá a dúró, Talon di ààrẹ ní 2016, iṣẹ́ náà sì padà ní 2017. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu wa lọ. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé àgbàṣe tó bá so mọ́ owó ìjọba, ìjọba ló so mọ́, bí ìjọba bá sì yí, òun náà á yí. Bí ti àwọn erin bá rí báyìí, kí ni ti èèrà?

A padà sí tiwa. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn, nínú ìdílé owó náà ni wọ́n wà, béèrè iye lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké fún iṣẹ́ tó jọ ti àkọ́kọ́. Ìwé wa pé. Fún ẹ̀rí iṣẹ́, a gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-ìwé aládàáni méjì àti ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí a ti bá ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n kéde, tiwa ni wọ́n mú: 6 mílíọ̀nù 400 ẹgbẹ̀rún sẹ́fà. A kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí, nítorí pé ohun tí a máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn.

Ìwé iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n owó kò bá a dé. Ìjọba kì í sanwó kí o tó ṣiṣẹ́, àfi tí báńkì bá dúró fún ọ, báńkì kì í sì í dúró fún ẹni tí kò ní nǹkan. Fún ìwé onígbọ̀wọ́ kékeré pé a ó ṣe iṣẹ́ náà dé òpin, báńkì ní kí a fi owó náà gan-an sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà méjì ń bẹ láti rà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé ń bẹ, owó ọkọ̀ Kùtọ̀nú lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin ń bẹ, àwọn ọmọ méjì náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Gbogbo rẹ̀ lé ní 2 mílíọ̀nù 900 ẹgbẹ̀rún. Olùkọ́ yá owó lórí owó oṣù rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, 1 mílíọ̀nù 500 ẹgbẹ̀rún, màmá ọ̀kan nínú wa ló gbé e kalẹ̀.

Owó àjọ ni. Àwọn obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjà Ouando, 100 ẹgbẹ̀rún lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á sì kó o. Ìyá wa ló gba ipò kẹta. Aṣọ ló ń tà, owó àjọ yẹn ló máa ń fi kó ọjà, èrè ọjà náà ló sì máa ń fi dá àjọ títí tí yóò fi yí po. Ẹ wò ó dáadáa: ó kó owó fún wa, oṣù méjìlá ṣì ṣẹ́kù tí ó gbọ́dọ̀ dá 100 ẹgbẹ̀rún, ọjà tí yóò fi rí i kò sì sí lórí àtẹ. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a gbà á. A ní oṣù mẹ́rin iṣẹ́, oṣù kan ìsanwó, ó parí. Olùkọ́ ìṣirò ló ṣe ìṣirò yẹn o.

Iṣẹ́ náà parí ní oṣù mẹ́rin lóòótọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́. A fún wọn ní ìwé owó tiwa, facture normalisée pẹ̀lú àmì dúdú-funfun rẹ̀, a sì ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejìlá bá wa níbẹ̀, ìwé ìnáwó ọdún ti pa dé, wọ́n ní ó di ọdún tuntun. Ọdún tuntun dé, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ sí ibòmíràn. Ẹni tuntun dé, dọ́síẹ̀ padà nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ wa yàtọ̀ lórí ìwé báńkì. Ohun tó tilẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wa ni pé ètò tí a kọ fún wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ibi tí dọ́síẹ̀ wà. Dọ́síẹ̀ owó wa kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ ó béèrè bóyá wọ́n ní ká mú nǹkan wá. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó máa ń dúró lábẹ́ igi níwájú ọgbà, tí a kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, sọ pé òun lè bá wa yá a fún ìdá mẹ́wàá. A kọ̀. Kì í ṣe pé a jẹ́ ẹni mímọ́ o. Owó tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa ni a kò ní.

Ní oṣù keje ìdúró náà, ìyá wa kò rí àjọ dá. Ó ti ta ẹ̀gbà ọrùn, ó ti ta èyí tó wà létí, ó ti gba aṣọ láwìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn tà. Oṣù kẹjọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tí àjọ kàn ní oṣù náà ní ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ní Calavi, owó rẹ̀ kò sì pé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, olórí àjọ fúnra rẹ̀ wá sí yàrá wa. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àga ṣíṣù tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, ó tú gèlè, ó tún un wé.

“Mẹsíyè, wọ́n ní ìjọba ló jẹ yín lówó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ìjọba tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ tajà láìsí ìwé?”

“Òun náà ni, Màmá.”

“Ṣé ìjọba náà máa ń ràwìn?”

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà mú fóònù rẹ̀, ó ṣí ètò onígbèsè tí a kọ fún ọjà, ó sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba náà síbẹ̀ lójú rẹ̀: 6 mílíọ̀nù 400 ẹgbẹ̀rún. Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ pupa yọ, nítorí pé ọjọ́ ti kọjá. Ó fi han màmá náà. Ó wò ó, ó ní, “Ó dáa. Èmi náà ti kọ orúkọ yín síbẹ̀.” Ó dìde, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni olùkọ́ ta alùpùpù rẹ̀. Àwọn méjì yòókù gba iṣẹ́ ìwé owó fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà láti ìkóríta títí dé ẹ̀yìn ọjà, ọ̀sán àti òru, owó tó bá wọlé kò sùn nílé wa, ọwọ́ olórí àjọ ló ń lọ tààrà. A san oṣù méjì tó kọjá, a sì ń bá ìyá wa dá ti iwájú. Ọmọ yẹn wọ Calavi, ó pẹ́ díẹ̀ ni.

Owó ìjọba dé ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí nínú rẹ̀. Kò sí ìròyìn, kò sí lẹ́tà, fóònù ló dún tí báńkì sọ pé owó wọlé. Nígbà tí a san gbèsè báńkì, ti owó oṣù, ti ìyá wa àti àfikún tí a kò lè ṣàìfún un, ohun tó kù fún àwa mẹ́ta kò tó owó alùpùpù tí a tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa báyìí, tí ìjọba fọwọ́ sí, tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni a kò lè rí rà lọ́jà.

Oṣù tó kọjá, ìpè mìíràn tún jáde, ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kùtọ̀nú tó lówó tó lè dúró ní kí a jọ ṣe é, òfin gba kí ilé-iṣẹ́ méjì para pọ̀ wọ ìdíje: báńkì àti ìdúró di tiwọn, kíkọ ètò di tiwa, ìpín tiwa kéré. A ń jiyàn lórí ìwé àdéhùn náà lọ́wọ́. A fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ tiwa sínú àgbàṣe náà gan-an, kí ẹ̀rí iṣẹ́ lè jẹ́ tiwa lọ́jọ́ iwájú; wọ́n ní kí a jẹ́ alágbàṣe lábẹ́ wọn lásán. A kò tíì gbà.

Ìyá wa gbọ́. Ó wá sí yàrá ní alẹ́ àná pẹ̀lú àbùlà àti ẹja, ó gbé e sílẹ̀ fún wa, ó wo ìwé tó kún orí tábìlì. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo, bóyá owó ẹnì kankan láti inú ọjà wà nínú rẹ̀. A ní rárá. Ó ní kí a tún un sọ, a tún un sọ. Ó wá jókòó tì wá, ó ń bá wa ka àwọn ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri.